Òdòdó Ni, Kì í Ṣe Oògùn

Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò Koko ní ìlú Bouaké. Ọmọ Èjìgbò ni, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń ta aṣọ níbẹ̀. Anango ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá tí òwò gbé dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti òru ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, tí àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú náà, ni oorun rẹ̀ kò ti dán mọ́rán mọ́. Ogun parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ṣọ́jà tún bẹ̀rẹ̀ sí yìnbọn ní Bouaké ní oṣù Kìn-ín-ní àti oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ìwọ̀nba oorun tó ti padà bọ̀ tún lọ. Bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, a ní òun ń ṣe àìsùn láìsí òkú. Àwàdà náà jinlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ìyà ẹni tí oorun kọ̀ àti fún òru tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ fún olóògbé.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fi ike hóró kan ránṣẹ́ sí i. Àpíjénínì ni wọ́n kọ sára rẹ̀, 50 mílígíráàmù nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni àpíjénínì jẹ́ lára àwọn èròjà inú ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fìláfónọ́ìdì. Ó wà nínú òdòdó kamomílì tí àwọn ará Yúróòpù ń rẹ sínú omi gbígbóná mu kí wọ́n tó sùn. Ó ní ìbátan nílé pàápàá: àpíjénínídìnì ló ń bẹ nínú pòròpórò ọkà bàbà pupa, èyí tí wọ́n fi ń mú kí wàrà pọ́n ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní ọdún 1995, àwọn olùwádìí ní Argentina kéde pé àpíjénínì ń so mọ́ ibi kan náà nínú ọpọlọ tí àwọn oògùn bíi Valium ń so mọ́, ó sì ń fi eku lọ́kàn balẹ̀. Eku ni o. Nígbà tí wọ́n dán kamomílì wò lára ènìyàn 34 tí kì í rí oorun sùn ní Amẹ́ríkà fún ọjọ́ 28, tí apá kan lo kamomílì tí apá kejì lo hóró òfìfo, àbájáde tó jáde ní 2011 fi hàn pé oorun ìhà méjèèjì kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kò gbọ́ èyí. Ó ní òun ń rí oorun díẹ̀ sùn, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bá a jiyàn lórí oorun ara rẹ̀.

Ohun tí ọmọ sọ fún un lórí fóònù ni pé: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Òdòdó ni, kì í ṣe oògùn." Kò purọ́. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1994 ka irú hóró bẹ́ẹ̀ sí àfikún oúnjẹ. Ẹni tó ń tà á kò ní láti kọ́kọ́ fi han ìjọba pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà ìbá pè é ní oògùn oorun, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀? Létí àgbà tó gbọ́ Yorùbá, oògùn oorun ni èyí tí olè fi ń mú onílé sùn fọnfọn kó tó wọlé.

Ìyá náà ń lo oògùn mìíràn, èyí tí dókítà fún un nítorí ọkàn rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní èrìgì rẹ̀ bó bá ń rin pákò, àpá dúdú sì ń hàn ní apá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n bi í ní èdè Faransé bóyá ó ń lo "médicament" mìíràn. Aládùúgbò kan túmọ̀ rẹ̀ sí oògùn. Ó ní rárá, òótọ́ ló sì sọ.

Apòògùn kan lẹ́bàá ọjà ló tú u. Èdè Jùlá ló fi bi í, "fura" sì ni ọ̀rọ̀ tó lò. Lẹ́nu àwọn tó ń sọ Jùlá, fura ni oògùn, fura náà sì ni ewé. Kíá ni ìyá àgbà rántí òdòdó ọmọ rẹ̀. Apòògùn ní kó gbé ike náà wá. Ó kà á, ó ní kó dá a dúró títí dókítà yóò fi rí i. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí: ní ọdún 2006, àwọn dókítà ní Kánádà kọ̀wé nípa obìnrin ẹni 70 ọdún kan tó ń lo wáfárìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó ń mu omi kamomílì, tó sì ń fi ìpara rẹ̀ para, ẹ̀jẹ̀ dà sínú ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè búra pé hóró náà ló fa ti Bouaké. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti dá a dúró, pákò rẹ̀ kò pọ́n mọ́.

Àwọn tó ń ṣe ògbufọ̀ nílé ìwòsàn gbà pé médicament ni oògùn, ìwé atúmọ̀ sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n oògùn ní ààlà tirẹ̀. Bí ará ilé ìwòsàn bá ń béèrè, àgbo kì í sábà wọ inú ìdáhùn, òdòdó kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Kí ni ẹ ń jẹ, kí ni ẹ ń mu, kí ni ẹ fi ń para: ìbéèrè mẹ́ta yìí ìbá ti mú ike náà jáde lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Ìyá àgbà kò jù ú nù. Ó ní kí ọmọ-ọmọ òun obìnrin kọ orúkọ tuntun sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má baà tún pè é ní òdòdó. Ọmọ náà kò kọ́ àkọtọ́ Yorùbá rí. Ti Faransé tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé ló lò. OGOUN ló kọ. Àlejò kan láti Èjìgbò kà á, ó yí ike náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì béèrè ohun tí Ògún ń wá nínú ike.