Ìlú Wo Ló Tóbi Jù? Ẹ Bi Ààlà Léèrè
Ìkànìyàn ọdún 1952 fi Ìbàdàn ṣe ìlú tó lérò jù lọ ní Nàìjíríà. Ti ọdún 1963 gbé Èkó síwájú: Èkó 665,246, Ìbàdàn 627,379. Ṣùgbọ́n olú-ìlú ìjọba àpapọ̀ nìkan ni Èkó tí wọ́n kà nígbà náà. Abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà wà. Lónìí, ta ni yóò dúró ní Òkokomáíkò tí yóò ní òun kò sí ní Èkó?

Ní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka nǹkan bí 600,000 ènìyàn ní Ọ̀jọ́; ìjọba ìpínlẹ̀ ní wọ́n lé ní 900,000. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ìkànìyàn mìíràn. Bẹ́ẹ̀ iye ènìyàn wà lára òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń pín owó àpapọ̀. Èyí ló yẹ kó jẹ aráàlú lógún ju ipò kìíní lọ: bí ilé bá fẹ́ jẹun, iye ẹnu ni a kọ́kọ́ ń kà.