Ẹ Má Fi Tanímọ̀la Sí Búùtù

Leeds,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì tún un gbọ́. Ẹ ní gbogbo yín ń ti Èkó lọ sí Iléṣà fún Ọdún Àjíǹde, àti pé Káyọ̀dé ti wá àyè sílẹ̀ fún Tanímọ̀la, ajá yín, ní búùtù. Ìrìn àjò dára, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má lọ kí àwọn èèyàn yín. Búùtù yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Jáàkì, ajá wa. Mo mọ̀ pé a kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa nítorí ìjà tó dá sílẹ̀. Lọ́dún 1996, inú búùtù Peugeot 504 Bàbá ló wà, láàárín àpò ìrẹsì. Tírélà ṣubú dí ọ̀nà ní Ògèrè, a sì dúró lójú oòrùn fún bíi wákàtí méjì. Nígbà tí a ṣí búùtù, itọ́ ti bò ó lẹ́nu, ojú rẹ̀ ti yí. Bàbá kígbe pé májèlé ni, ẹ̀yin náà da epo pupa sí i lẹ́nu. Kí a tó dé Ìbàdàn, ó ti kú. Àǹtí Rẹ̀mí tí wọ́n fún un ní ẹran àjẹkù láàárọ̀ ọjọ́ náà ni gbogbo ẹnu dojú kọ. Ẹ mọ iye ọdún tí wọn ò fi tẹ ilé wa.

Màmá, kì í ṣe májèlé. Ooru ni.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje, 2022 ni mo tó mọ̀, ọjọ́ tí ooru kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius láwọn ibì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Ilé ìwòsàn ẹranko ni mo ti ń nu ilẹ̀ nígbà náà. Wọ́n gbé ajá kan wọlé, inú ọkọ̀ ni wọ́n tì í mọ́. Itọ́ Jáàkì, ojú Jáàkì. Igi ìnulẹ̀ jábọ́ lọ́wọ́ mi. Dókítà ló là á yé mi: ajá kì í làágùn bíi tiwa, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú bá ti gbóná, mímí ò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ara ajá tó dá ṣáṣá kì í ju nǹkan bíi 39 lọ. Bó bá ti kọjá 41, ikú ti sún mọ́ ọn. Kò sì dìgbà tó bá tó wákàtí méjì. Nínú ọkọ̀ tí a tì sójú oòrùn, ogún ìṣẹ́jú ti pọ̀ jù. Káyọ̀dé á ní òun á ṣí fèrèsé díẹ̀. Díẹ̀ yẹn kò tó nǹkan kan.

Ohun kan wà tí mi ò sọ rí. Ní Ògèrè, Bàbá ní kí n lọ wo Jáàkì. Mo kan búùtù lẹ́ẹ̀kan, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo sì padà wá sọ pé ó ń sùn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, gúgúrú àti ẹ̀pà ló wà lọ́kàn mi. Láti ọjọ́ náà, Àǹtí Rẹ̀mí ló ń ru ẹrù tèmi.

Ẹ jẹ́ kí Tanímọ̀la jókòó síbi ẹsẹ̀ yín, níbi tí AC ti ń fẹ́. Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá yà jẹun, kí ẹnì kan dúró tì í. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láìdáwọ́ dúró, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó, ooru ni yóò sé mọ́ ọn lára. Ẹ má sì da epo sí i lẹ́nu mọ́, Màmá mi: ajá tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ̀dọ̀fóró ni epo ń gbà lọ. Omi lára ni kó ṣáájú, dókítà ló tẹ̀ lé e. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko, ọ̀nà yín sì ni. Kí Káyọ̀dé ti wá nọ́ńbà wọn sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó má jẹ́ ìgbà tí ajá bá dákú ni yóò máa wá a.

Ẹ bèèrè bóyá kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ dání. Ẹ gbé e, pẹ̀lú ìwé àjẹsára dìgbòlugi rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní mo jókòó sínú òtútù, mo ń kọ́ yín ní ooru. Bó bá ṣe pé mo wà nílé ni, èmi ni ǹ bá gbé e lé itan. Ẹni tí kò sí nílé, ẹnu ló kù fún un.

Ẹ ó bá Àǹtí Rẹ̀mí ní Iléṣà. Ẹ má bá mi sọ ohunkóhun fún wọn. Bí mo bá pè, ẹ ṣáà fi fóònù lé wọn lọ́wọ́.

Ọmọ yín,
Bùsáyọ̀