Ọwọ́ Tó Yẹ Kó Da Iyẹ̀pẹ̀

Tí ilẹ̀ bá ṣú ní Victoria Garden City, tí gbogbo Èkó ń pè ní VGC, ẹ gba àwọn òpópó ẹ̀yìn, kí ẹ máa wo fèrèsé. Ilé alájà kan, yàrá márùn-ún, iná kan ṣoṣo ló ń tàn nínú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, iná kan. Èyí tó kọjú sí i, kò síná rárá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì nìkan ló kù níbẹ̀, òun àti rédíò rẹ̀. Wọ́n ti gé koríko. Òdòdó bo ògiri. Ojú àlejò kò lè rí ohun kan tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé oníná kan yẹn. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Láyé ọjọ́un, dérìkà mẹ́rin ìrẹsì ni wọ́n ń sè ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ á sì tún máa du ìsàlẹ̀ ìkòkò mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lónìí, ààbọ̀ dérìkà ń di ọjọ́ kejì. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan," ni ẹ̀gbọ́n mi wí fún mi. "Ìyá wa ò kọ́ mi."

Àkọ́bí ló kọ́kọ́ lọ, sí Toronto, ní 2015. Nọ́ọ̀sì ni ìkejì. Ó lọ sí Manchester ní 2019. Ìkẹta kò fẹ́ lọ. Òun ló máa ń bá àwọn yòókù jiyàn pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ó wà ní tollgate Lekki ní alẹ́ ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ṣọ́jà yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ́de tako ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ wálé. Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, ó ti wà ní Texas. Àbíkẹ́yìn lọ kàwé ní Leeds ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ wọn sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, wọ́n sì wa ọkọ̀ padà sílé, àwọn méjì, sínú yàrá márùn-ún.

Jápa ni àwọn ọmọ ń pe ìlọ yìí. Gbogbo ayé ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa báyìí, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù. Èmi kò lè gbọ́ ọ kí n má rántí ohun tí í ṣe kó tó di ọ̀rọ̀ àríyá. Ẹran tó já okùn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, àti ẹni tí wọ́n ń lépa. Ẹni tó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú àdúrà, tí ìyá rẹ̀ dáná fún, tí wọ́n fi omi tútù sìn dé ẹnu ọ̀nà, a kì í sọ pé ó jápa. Àwọn ọmọ wa fúnra wọn ló yan ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kí a ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú nínú ọdún 2024.

A fi wọ́n pamọ́ sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ń dúró de àwọn ọmọ. Ìwé ìbéèrè fún ìgbélùú títí láé ni nọ́ọ̀sì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àbíkẹ́yìn náà ń retí ìdáhùn sí ìwé tó fi béèrè fún àfikún àkókò. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá jáde nílùú kí wọ́n tó dá a lóhùn, ìwé tó kọ ti di òfo. Ọdún márùn-ún iṣẹ́ alẹ́, gbogbo rẹ̀ lè ṣan lọ. Èyí tó wà ní Texas, ìwé tirẹ̀ kò tíì jáde rárá. Tó bá fi lè fẹsẹ̀ kan jáde, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn. Ìyá wọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, lórí fóònù, pé kí ẹnikẹ́ni má wá. "Bàbá yín kò ní fẹ́ kí ẹ pàdánù nítorí òun." Ẹnu ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo rí ọwọ́ wọn.

Àkọ́bí nìkan ló dé. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Nígbà tí wọ́n gbé pósí sínú kòtò, tí àlùfáà ní kí àwọn ọmọ olóògbé súnmọ́ ọn, òun nìkan ló jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀, ó dà á. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀, ó sì ń pe orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń jẹ́ ìpè fún wọn nílé ẹ̀kọ́. Ẹnì kan gbé fóònù sókè kí wọ́n lè máa wò ó lọ́hùn-ún. Nẹ́tíwọ̀kì já ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

Àwọn baba wa wí pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mo sì máa ń rò pé ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ṣáájú rẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ mẹ́rin yóò wà láàyè, tí ara wọn yóò le, tí wọn yóò sì fẹ́ràn bàbá wọn, tí òwe náà yóò sì máa wá bàbá náà kiri nínú sàréè.

Iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ yìí pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Omi àti àbàtà ni ibi tí VGC wà. Yanrìn ni wọ́n dà sí i kó tó gba ilé. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé ńláńlá sí gbogbo etí ọ̀sà yìí, àwọn apẹja ló ni ín, àti àwọn tálákà tí ìgboro ti tì jáde. Maroko ni ìlú wọn tó tóbi jù, lẹ́yìn Victoria Island. Ní oṣù Keje ọdún 1990, lábẹ́ gómìnà ológun Raji Rasaki, wọ́n fún àwọn ará Maroko ní ọjọ́ méje péré láti kó jáde. Katapílà dé pẹ̀lú àwọn agbófinró. Nǹkan bíi ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, 300,000, ló di aláìnílé. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sínú ilé àkọ́tì ìjọba ní Ilasan àti ní Ikota. Ikota yìí náà ni, tí ògiri là láàárín òun àti VGC. Ìyẹn ni pé láti ìpìlẹ̀, ẹni tí wọ́n lé ní ilẹ̀ rẹ̀ ni aládùúgbò ẹni tó sanwó ra ilẹ̀, géètì ló sì wà láàárín wọn.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Otodo Gbame, létí ọ̀sà ní Lekki. Àwọn Ègùn ló ń gbé ibẹ̀, apẹja ni wọ́n, ìran tó ti ọ̀nà Àgbádárìgì àti orílẹ̀-èdè Benin tẹ̀ lé ẹja wá. Iná jó ilé wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016; nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹrin ọdún 2017, wọ́n ti lé èyí tó ṣẹ́kù sínú omi, nǹkan bíi 30,000 ènìyàn lápapọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ pé ìwà tó lòdì sí òfin ilẹ̀ wa ni. Síbẹ̀, wọn kò dá ilẹ̀ àwọn apẹja náà padà.

Omi náà, wọ́n lé e. Ìdí nìyẹn tó fi ń padà wá. Ní oṣù Keje ọdún 2017, òjò rọ̀, ó wọ inú ilé olówó àti ilé tálákà láti Victoria Island dé Ajah, àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi rìn lójú ọ̀nà ọlọ́dà.

Síbẹ̀, èrò ń dé. Ẹ lọ dúró ní Ajah ní agogo márùn-ún ìdájí, kí ẹ wo àwọn tí ọkọ̀ ń já sílẹ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ kò so mọ́ ní Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí Boko Haram jó abúlé rẹ̀ ní Borno wà níbẹ̀. Ọmọdébìnrin láti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin àti láti Togo, tí wọ́n ń mú bọ̀ wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, wà níbẹ̀. Langbasa, Badore, Sangotedo, ibi tó jẹ́ igbó àti oko àgbọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ènìyàn mẹ́fà ló ń sùn nínú yàrá kan níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń san owó ilé ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà kò fi bẹ́ẹ̀ jìn láàárín yàrá yẹn àti yàrá mẹ́rin tó ṣófo nílé ẹ̀gbọ́n mi.

Èèyàn mélòó ni wá gan-an? Ní ọdún 1963, wọ́n kà wá ní mílíọ̀nù 55. Ní 2006, ó ti di mílíọ̀nù 140. Lónìí, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fojú bù ú pé a ti ju mílíọ̀nù 220 lọ. Fífojú bù ni, nítorí kò sí ẹni tó kà wá mọ́ láti 2006. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kà wá ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ní 2006 náà, ìjọba àpapọ̀ ka Èkó sí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, ìjọba Èkó ní mílíọ̀nù 17 ni. Wọ́n fi mílíọ̀nù mẹ́jọ ènìyàn jiyàn bí ẹni ń ná iṣu. Yorùbá kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìfẹ́ ló fa èèwọ̀ yẹn, kí ojú burúkú má baà bá ọmọ. Ti ìjọba kì í ṣe ìfẹ́. Ẹni tí kò mọ iye tó bí, báwo ni yóò ṣe mọ iye tó sọnù?

Àwọn tó gba ọmọ wa lọ́hùn-ún mọ iye wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń darúgbó. Ọmọ tí obìnrin kan ń bí níbẹ̀ kò pé méjì mọ́. Wọ́n nílò ẹni tí yóò gbé arúgbó wọn dìde lórí ibùsùn. Dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà, tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn, ju 11,000 lọ. Ní 2023, àjọ ìlera àgbáyé fi Nàìjíríà sára orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera ń bá fínra, tí kò yẹ kí ẹlòmíràn máa lọ kó òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ìkìlọ̀ lásán ni. Nígbà tí ilé gbówó lórí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìlà gùn nílé ìwòsàn, tí àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí àlejò, ìjọba wọn tilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀: oṣù Kìn-ín-ní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú aya àti ọmọ wá mọ́, àfi ẹni tó ń ṣe ìwádìí, oṣù Kẹta, ó kan àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ìyẹn ni pé kí ọwọ́ wa máa bọ̀, kí ọkàn wa dúró sílé.

Mi ò lè fi gbogbo ẹnu bú wọn. Ìyá ìyá wa wà lára àwọn tí Ghana lé ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kumasi ni wọ́n ti bí gbogbo ọmọ wọn. Àpótí kan ni wọ́n gbé dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, àwa náà yíjú sí àwọn ará Ghana, a lé wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù, a fi wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, Ghana-Must-Go. Ó ṣì wà lọ́jà. Irú báàgì yẹn ni àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi di gààrí àti èlùbọ́ sí nígbà tó ń lọ sí Leeds.

Mo mọ̀ pé owó ń wọlé. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là ni àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dún. Òun ni wọ́n fi ra sólà tó ń tan iná kan ṣoṣo yẹn. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn lóru, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ títí ẹ̀ṣọ́ géètì fi gbọ́ ohùn wọn. Ọmọ Kebbi ni ẹ̀ṣọ́ náà. Ó ti tó ọdún méjì tó ti rí ìyá tirẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé ènìyàn mélòó ni wọ́n ń gbélé. Wọn kò dáhùn. Èmi ni mo dáhùn fún wọn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, nígbà tí àwọn oníkànìyàn kan géètì yẹn gbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ wọn wà nílé, àwọn ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, àti ọmọdébìnrin kan láti Àjàṣẹ́ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, tí a kò mọ ibi tó wà lónìí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ènìyàn méje ló wà nínú ilé náà.