Iwájú Ọkọ̀ Ni Ìyàwó Mi Fi Mí Sí

Mo ti kọ́kọ́ ní n kò ní í sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti Amẹ́ríkà dé, gbogbo ẹni tó bá rí mi ló ń bi mí pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún. Omi ni mo rí, àti òkúta.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni Ìyá Táyọ̀ ti lò ní Las Vegas, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí n tó rí físà gbà láti lọ kí i. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹnu aráyé ti rí. Wọ́n ní obìnrin tó bá ti mọ dọ́là, kí ni yóò tún fi ọkọ tó ń kọ ìwé ìròyìn ṣe? Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo débẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń ṣe bí àlejò sí ara wa. Àní èmi gan-an ń sọ "ẹ ṣé" fún ìyàwó mi! Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní òun ti sanwó fún ilé-iṣẹ́ kan, a máa lọ tukọ̀ lójú odò Colorado, a ó sì fẹsẹ̀ rìn láàárín àpáta. Mo ní, "Èmi tí n kò mọ̀wẹ̀?" Ó ní wọ́n máa fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì.

Aṣálẹ̀ gidi nibẹ̀ o. Òkúta pupa, òkúta dúdú, oòrùn. Àárín rẹ̀ ni odò náà gbà kọjá, ògiri àpáta wà lọ́tùn-ún lósì, tí ojú ọ̀run fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já. Black Canyon ni wọ́n ń pè é. Ìdí ìsédò Hoover la ti gbéra, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1931 tí wọ́n sì parí ní 1936. Gíga rẹ̀ jẹ́ 726 ẹsẹ̀ bàtà. Mo gbójú sókè wò ó títí fìlà fi jábọ́ lórí mi. Bí èèyàn bá ń bá omi lọ, ọwọ́ ọ̀tún ni ìpínlẹ̀ Nevada, ọwọ́ òsì ni Arizona. Oṣù kọkànlá la lọ, aago ọwọ́ òsì sì fi wákàtí kan ṣáájú tọ̀tún. Odò kan, aago méjì!

Ọkùnrin tó fún wa lọ́kọ̀ kìlọ̀ pé bí a bá rí òjò tó ṣú, bó ti wù kó jìnnà tó, ká má wọ àárín àpáta tóóró. Ní August 12, 1997, ní Antelope Canyon ní Arizona, òkèèrè ni òjò ti rọ̀, àgbàrá sì ya dé lójijì, ó pa èèyàn 11. Ó ní bí a bá dé ibi omi gbígbóná, ká má ri orí bọ̀ ọ́, nítorí kòkòrò kan tí ojú kò lè rí wà níbẹ̀ tó lè gba imú wọ ọpọlọ. Ó wá fi ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì hàn wá, káyáàkì. Ó ní àwọn aláwàdà ń pè é ní ọkọ̀ ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń darí rẹ̀. Kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti jókòó sẹ́yìn. Ṣebí èmi ni ọkọ!

Ẹ gbọ́ ná. Kò pẹ́ tí a fi ń yí bí òòyì. Mo ń pariwo, "Wà á sọ́tùn-ún!" ó ń wà á sọ́tùn-ún, n kò mọ̀ pé bí èèyàn bá wa apá ọ̀tún, òsì ni ọkọ̀ ń lọ. A kọlu òkúta. Omi ta sí mi lára, tútù nini bí omi fíríìjì, nítorí ìsàlẹ̀ adágún tó wà lẹ́yìn ìsédò ló ti ń wá, níbi tí oòrùn kò dé. Inú ìbẹ̀rù ni mo ti sọ ọ́: "Owó tí ò ń rí ni kò jẹ́ kó o gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu mọ́!"

Ó gbé àjẹ̀ lé itan. Kò wẹ̀yìn. Odò ń gbé wa lọ.

A gúnlẹ̀ síbi omi gbígbóná náà, a rìn wọ àárín àpáta, a gun àkàbà irin tó ga tó ogún ẹsẹ̀ bàtà. Omi lọ́wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn láti inú òkúta. Ìkògòsì ló sọ sí mi lọ́kàn. A ki ẹsẹ̀ bọ omi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní òun ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ọdún méjì sí i, ẹ̀rù ló ń ba òun láti sọ fún mi. Ó ní, "Dadi Táyọ̀, ọmọ mi ń pè mí ní Àǹtí lórí fóònù. Ẹ̀ ń gbọ́ ọ, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá ń sọ̀rọ̀ owó fún mi."

Òótọ́ ni. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi rò pé àwàdà ọmọdé ni.

Nígbà tí a padà sídìí ọkọ̀, ó ní, "Ẹ bọ́ síwájú, ẹ jọ̀ọ́." Mo bọ́ síwájú. Máìlì 12 ni láti ìdí ìsédò dé Willow Beach, a kò sì tún kọlu nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ọdún méjì yẹn, a kò tíì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́ nílé níbí, a pe ìyá mi. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún ọmọ. Mo ní, "Táyọ̀, Màmá rẹ nìyí o, kì í ṣe Àǹtí."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Màmá inú fóònù?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."