Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Yan Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Wa

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè: kí ló pa ọmọ tó ń kọ́ èdè Yorùbá pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì? Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti bi wá, àwọn òbí wa náà ti bi wá. Ọkọ̀ kan ló fà á: Benz 190E tó ti wà lẹ́yìn ilé àwọn ọ̀kan nínú wa n'Íbàdàn fún ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti jáde láyé, kò sẹ́ni tó wà á mọ́. Táyà rẹ̀ ti rọ̀, adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, ìpẹtà sì ti jẹ ilẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni Màmá ní òun fẹ́ ta á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọ̀rẹ́ wa kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá kan. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wo fídíò àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀dà Lotus Seven. Ọkọ̀ eré kékeré ni, Colin Chapman ló gbé e jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1957. Ìjókòó méjì péré ló ní, gbogbo ara rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 500 kg lọ. Lọ́dún 1973 ni ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é bọ́ sọ́wọ́ Caterham. Lọ́dún 1996, Ron Champion kọ ìwé tó fi han àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè jó férémù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé, kí wọ́n sì yọ ẹ̀yà tó kù lára Ford Escort àtijọ́.

A sọ fún Màmá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ gbé e. Ẹ tà á, kí ẹ fowó rẹ̀ ra ohun tí ẹ bá fẹ́ rà." Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: a ó ta Benz Bàbá, a ó fi kún owó tí a ti tù jọ, a ó ra ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rẹ́ wa kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìṣòro kìn-ín-ní ni pé Escort àtijọ́ ti di ohun àwátì nígboro wa. Corolla àti Camry ló kún títì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tiwọn dùbúlẹ̀ ní ìbú, táyà iwájú ló sì ń fa ọkọ̀. Ní ti Lotus Seven, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Ẹ́ńjìnnì wà ní òòró níwájú, gíà tẹ̀lé e, púrópélà gba àárín ọkọ̀ kọjá lọ bá dífù, dífù ló wá ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ọkọ̀ tó ń rìn báyìí la gbọ́dọ̀ wá.

Ọ̀kan nínú wa tó fẹ́ràn ariwo ní Lexus LS 400 ni ká wá lọ: V8, lítà mẹ́rin, agbára rẹ̀ tó nǹkan bíi 250 hp. A wọkọ̀ lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, a sì rí tòkunbọ̀ rẹ̀ kan nílẹ̀. Iye tí ẹni tó ń tà á pè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó wa mì. A ti fẹ́ san àsansílẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ wa ní ká kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì tó máa ń tún ọkọ̀ bàbá òun ṣe. Inú bí wa díẹ̀, ṣùgbọ́n a padà sílé.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá n'Íbàdàn, a kí wọn, a sì ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ wa dópin kí wọ́n tó béèrè pé, "Gíà ńkọ́?" A wò bọ̀ọ̀. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kò fi gíà tí wọ́n ń fọwọ́ wọ̀ sí ẹ́ńjìnnì yẹn rí, gíà tó ń wọ ara rẹ̀ ló máa ń bá a wá. Bí a bá fẹ́ gíà ọlọ́wọ́, a ó ní kí wọ́n gbẹ́ irin tó máa so méjèèjì pọ̀. Riwáyà á tún wá to wáyà àti brain box rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, dífù wo ló máa gba agbára tó tó bẹ́ẹ̀?

Ẹlòmíràn nínú wa ní HiAce ńkọ́, ẹ́ńjìnnì 2RZ, tó pọ̀ bí iyanrìn? Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn HiAce kan wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fàlà sí ojú ibi tí púrópélà ti ń wọ̀ ọ́, wọ́n fàlà sí ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní ká máa yí i ká sì máa kà. A yí i ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ kí ẹsẹ̀ náà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, "Ẹrù ni wọ́n ṣe èyí fún. Bí ẹ bá gbé e sábẹ́ ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa ké lọ lójú ọ̀nà Èkó, ẹ ò sì ní sáré tó bí ariwo yín. Irin rẹ̀ tún wúwo, gbogbo kòtò ló máa gbé yín fò." Wọ́n wá fi òwe dé e: "Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́."

Wọ́n wá béèrè ibi tí owó wa ti fẹ́ wá. A ní a fẹ́ ta Benz Bàbá ni. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ ta ohun tí ẹ ń wá kiri?"

Ojú tì wá. 190E náà, ẹ̀yìn ló ń tì í. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní òòró, lítà méjì, ó sún mọ́ 120 hp, gíà ọlọ́wọ́ ló wà lára tiwa, kò sì ní wáyà rẹpẹtẹ. Nígbà tí a ka dífù rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó lé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kò tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ọkọ̀ tó lé ní tọ́ọ̀nù kan ló ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Tiwa, bí a bá fọgbọ́n ṣe é, kò yẹ kó ju 700 kg lọ. Ọ̀gá ní, "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn."

Ṣùgbọ́n kí a tó lè lò ó, a gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀. Ìyẹn ló ká ọ̀rẹ́ wa lára. Títà yàtọ̀: ẹni tó tà á kò ní wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gé e. A ní bí kò bá fẹ́, a ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ bá Màmá. Ohun tí Màmá sọ kò gùn: "Bàbá rẹ ra ọkọ̀ kó lè máa rìn ni."

Lọ́jọ́ tí a yọ gíà sílẹ̀, Ọ̀gá fi tọ́ọ̀ṣì wo kúlọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ká má ra òmíràn, tuntun ṣì ni. Ọ̀rẹ́ wa wá rántí pé òun bá Bàbá lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, oṣù díẹ̀ ṣáájú ikú wọn. Ó jókòó sórí táyà kan, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àwa náà dákẹ́.

Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. A ó gé púrópélà kúrú, ká sì gbé e fún ẹni tó lè mú un dọ́gba kó má baà máa gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì náà ga, ó ṣeé ṣe kí bọ́nẹ́ẹ̀tì wa ní iké. Èyí tó fẹ́ràn ariwo nínú wa ṣì ń sọ̀rọ̀ V8. Ṣùgbọ́n wẹ́dà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó férémù, owó wa sì ṣì kù.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ní ọkọ̀ tó dákẹ́ sẹ́yìn ilé, ẹ kọ́kọ́ lọ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó lọ sí Ládípọ̀.