Ti Agboolé àti Ti Ọmọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbáradì fún ìdánwò, ìṣubú kan tí mo ṣubú ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Èdè Yorùbá ní Ìgándò ni mo fẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lónìí.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń lọ sí Ìkòtún lọ kọ́ Java, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. James Gosling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀, ọdún 1995 ni wọ́n sì gbé e jáde. Èrò mi ni pé kí kọ̀ǹpútà máa bá mi ṣírò máàkì.

Nínú èdè yìí, class dà bí agboolé; object dà bí ọmọ tí a bí síbẹ̀. Àyè tí a ń tọ́jú nǹkan sí ni field. Iṣẹ́ tí a lè ṣe ni method. Mo fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti máàkì. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ inú kọ̀ǹpútà kọ iṣẹ́ mi: ó ní mo ń dárúkọ ohun tí kì í ṣe static níbi tí ó jẹ́ static. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo ṣáà kọ static síwájú máàkì, ó sì dákẹ́. Inú mi dùn. Àṣé ìdákẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe ìfọwọ́sí.

Ní ọjọ́ kejì, mo tẹ èsì ìdánwò ọmọ 38, n kò yẹ̀ ẹ́ wò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Gbogbo wọn ló gba 17 nínú 40! Ọmọkùnrin kan tí kì í sábà wá sí ilé-ìwé ń jó. Ọmọbìnrin kan tí kì í gbà dín ní 30 ń sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ni ó ni máàkì tí ẹ kọ fún mi yìí?"

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn nínú rẹ́jísítà ni ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a fi oríkì ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ àbísọ jẹ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Oríkì orílẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ìdílé. Àwọn ọmọ Oníkòyí kò pín oríkì wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ti wà kí a tó bí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni field tí ó jẹ́ static: ti class ni, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ìbáà jẹ́ object 100 ni a dá, ìbáà má sí rárá. Ìkòkò kan ni mo gbé kalẹ̀ fún ọmọ 38. Bí máàkì kan ti ń wọlé ni ó ń lé ti ìṣáájú jáde.

Method náà lè jẹ́ static. Math.max, tí ń mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú nọ́ńbà méjì, kò nílò object; orúkọ class ni a fi ń pè é. Main tí iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ static pẹ̀lú, nítorí ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí a tó bí ọmọ kankan. Nígbà tí mo dárúkọ máàkì lásán nínú rẹ̀, ohun tí ògbufọ̀ ń bi mí ni pé: máàkì ta ni? Ìbéèrè ọmọbìnrin náà gan-an nìyẹn.

Mo yọ static kúrò níwájú máàkì, mo sì dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan kí n tó béèrè máàkì rẹ̀. Iye akẹ́kọ̀ọ́, tí ń fi 1 kún bí ọmọ tuntun bá dé, ni mo fi ṣe static. Ti agboolé nìyẹn. Mo ya ìwé ara pátákó, mo sì tọrọ àforíjì níwájú gbogbo wọn.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ tí olùkọ́ kan ń sọ pé, "Olódo ni gbogbo àwọn SS 1 yìí," ara mi kì í gbà á. Èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí, láìsí kọ̀ǹpútà. Kí a tó kọ máàkì sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ni ín.