Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nínú Iṣẹ́ Ọnà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ ló sì ń yọ ọfà lápó. Òwe yìí bá gbogbo oníṣẹ́ ọnà wí, ìbáà ṣe aránṣọ, aládìrẹ, ayàwòrán-ilé tàbí ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà ya pátákó ìpolówó. Púpọ̀ nínú wọn gbà pé ọwọ́ nìkan ni iṣẹ́ àwọn, pé bí ọwọ́ bá ti mọ iṣẹ́, ẹnu lè dákẹ́. Èrò yìí kò tọ̀nà. Àwòrán kò lè dáhùn ìbéèrè. Ẹni tí ó yà á ni yóò dáhùn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní ìlú Kansas City, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ewu tó wà níbẹ̀ hàn. Ní ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọdún 1981, afárá ìfẹsẹ̀rìn méjì tí wọ́n fi ọ̀pá irin so rọ̀ nínú òtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency já lu àwọn tí ó pé jọ síbi ijó nísàlẹ̀. Ènìyàn 114 ni ó kú. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ọ̀pá gígùn kan náà ni yóò gba inú afárá òkè kọjá dé ti ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n gé ọ̀pá náà sí méjì, wọ́n sì so afárá ìsàlẹ̀ rọ̀ mọ́ ti òkè. Ó dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá rọ̀ mọ́ okùn kan, tí ẹni ìsàlẹ̀ wá fi okùn sílẹ̀ tí ó di ẹsẹ̀ ẹni òkè mú, ọwọ́ ẹni òkè nìkan ni yóò gbé ìwúwo àwọn méjèèjì.

Lóòótọ́, àwòrán àkọ́kọ́ pàápàá kò lágbára tó bí òfin ìkọ́lé ìlú náà ṣe fẹ́. Àyípadà yìí ni ó sọ àléébù náà di ikú. Àwọn tí ń rọ irin ní àwọn fi fóònù gba àṣẹ. Àwọn ẹnjiníà ní kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan gbà pé ìhà kejì ti ṣe ìṣirò tó yẹ. Àwòrán kan náà ni wọ́n wò, wọn kò gbọ́ ara wọn yé.

Àwọn aládìrẹ ilẹ̀ Yorùbá ti rí ọ̀nà kan gbà yẹra fún irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n ń sọ ọnà lórúkọ. Bí oníbàárà bá ní Ìbàdàndùn ni òun fẹ́, ẹni tí ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ mọ̀ pé òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, gbọ́dọ̀ hàn nínú rẹ̀. Orúkọ kan ni wọ́n pè. Àwòrán kan náà ni ó wá sí ọkàn àwọn méjèèjì.

Níbi tí kò bá sí orúkọ, ìbéèrè ni ó kù. Bí ìyá àgbà kan bá ní kí wọ́n rán bùbá tí kò ní fún òun, aránṣọ tí ó gbọ́n kì í sáré mú sáásì. Yóò ní, “Màmá, ṣé ẹ ó máa gbé apá sókè nínú rẹ̀ ni, àbí ìsìn lásán lẹ ó wọ̀ ọ́ lọ?” Lẹ́yìn èyí, yóò tún ohun tí ó gbọ́ sọ fún ìyá náà, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Bí ìyá bá yí ọkàn padà, yóò kọ àyípadà náà sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá wà nínú èyí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kẹ̀yìn sí èkejì, kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ṣàpèjúwe àpótí ìjókòó kan, kí èkejì yà á. Ibi tí àwòrán bá ti yàtọ̀ sí àpótí ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n béèrè kí ó tó gé aṣọ, yóò béèrè kí ó tó gé irin.